Okùn Tí Mo Ká sí Méjì

Ìwé iṣẹ́ ilé rẹ lo kà sí mi létí lánàá. O ní wọ́n ní tánkì kan gùn báyìí, ó fẹ̀ báyìí, ó jìn báyìí, wọ́n wá ní kẹ́ ẹ sọ bí èyí tó máa gba ìdajì omi rẹ̀ ṣe máa tóbi tó. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ tánkì káàkiri Tamale, ẹ bá mi ṣe é." Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. O rò pé mi ò gbọ́ ni. Mo gbọ́.

Òní ni mo fẹ́ dá ọ lóhùn. Mú bírò. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má tún un ṣe. Bí mo bá dákẹ́, dúró dè mí. O mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mi ò lọ sílé ìwé. Ilé kéú ni wọ́n mú mi lọ, mi ò sì pẹ́ níbẹ̀. Bíríkìlà ni bàbá mi, láti Ìlọrin ló ti wá, Moshie Zongo ní Tamale níbí ló sì bí mi sí. Okùn ló fi kọ́ mi níṣẹ́. Bí a bá kọ́ tánkì omi sínú ilẹ̀ fún ẹnì kan, tí tánkì náà bá dára, bàbá mi á mú okùn, á na òòró rẹ̀, á ta kókó kan. Láti ibi kókó yẹn, á na ìbú rẹ̀, á ta kókó kejì. Láti ibẹ̀, á na jíjìn rẹ̀, á ta kókó kẹta, á wá gé okùn náà. Okùn kan, tánkì kan. A so gbogbo wọn kọ́ ara ògiri. Bí ẹlòmíì bá wá, tó ní irú ti lágbájá lòun fẹ́, a kàn máa mú okùn lágbájá sílẹ̀ ni, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.

"Okùn kì í purọ́." Bí bàbá mi ṣe máa ń wí nìyẹn. Mo fi okùn ṣiṣẹ́ títí irun mi fi funfun, kò já mi kulẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n o rí i, gbogbo àwọn tó ń wá, irú ti ẹlòmíì gẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò wá bá mi rí pé ìdajì lòun ń fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, o ò lè rántí rẹ̀, ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà tó kú. Changli, àdúgbò kan nínú Tamale níbí, ló ń gbé. Ọṣẹ ló ń tà níwájú ilé, ọṣẹ gbọọrọ tí wọ́n máa ń fi òwú gé. Nígbà tí ìyá wa kú, òun ló pọ̀n mí. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà yẹn, èmi sì wúwo. Wọ́n ní bó bá ń lọ pọnmi, èmi á wà lẹ́yìn, garawa á wà lórí.

Omi ẹ̀rọ kì í dé àdúgbò wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Dáàmù ni wọ́n ń lọ. Ọdún kan, ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ṣubú létí dáàmù níbi tí amọ̀ ti ń yọ̀. Itan rẹ̀ yẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ títí òjò fi wá tó sì lọ. Ìgbà tó dìde, ọ̀pá ló fi dìde.

Mo lọ kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tún ní í tẹ ẹsẹ̀ yín sọ́nà dáàmù mọ́ láyé yín. Mo máa kọ́ tánkì síwájú ilé yín."

Ó ní, "Sọ pé Ìnṣà Àllàhù."

Mo ní, "Ìnṣà Àllàhù."

Ó ní, "Ìgbà tí mo rán ọ létí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Tánkì kan wà tí mo kọ́ sí Sagnarigu, nílé Àlàájì kan tó ń ta iṣu. Nínú gbogbo tánkì tí mo kọ́, òun ni mo fẹ́ràn jù. Òòró rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Ìbú rẹ̀, mẹ́jọ. Jíjìn rẹ̀, mẹ́jọ. Òjò orí páànù ló ń kún un. Garawa mẹ́jọ ni ilé yẹn ń fà lójúmọ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, omi náà sì ń gbé wọn dé òjò tuntun. Ilé ẹ̀gbọ́n mi, òun, ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti àwọn ọmọ ọmọ, garawa mẹ́rin máa ń tó wọn. Mẹ́rin, ìdajì mẹ́jọ ni. Ọmọ kékeré gan-an mọ ìyẹn.

Mo bá mú okùn Sagnarigu sílẹ̀. Mo ká òòró rẹ̀ sí méjì, mo ta kókó sára okùn tuntun. Mo ká ìbú rẹ̀ sí méjì, mo ta kókó. Mo ká jíjìn rẹ̀ sí méjì, mo ta kókó, mo gé e. Mo wá na okùn tuntun yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó. Ìdajì gééré ni. Kò fi ìka kan lé, kò fi ìka kan dín. Ọkàn mi balẹ̀. Mo sùn dáadáa.

A gbẹ́ ẹ, a mọ ọ́n, a rẹ́ ẹ, a bo orí rẹ̀. Mẹ́fà, mẹ́rin, mẹ́rin. Ìgbà tí a ń rẹ́ inú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wá fọ̀pá tì, ó bojú wo inú ihò náà. Ó pẹ́ tó fi ń wò ó.

Ó ní, "Àbúrò, ṣé kò kéré báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ta nìyí? Ṣé mo bá yín gé ọṣẹ rí?"

Ó ní, "O ò bá mi gé e rí lóòótọ́." Ó yí padà, ó lọ jókòó sídìí ọjà rẹ̀.

Kọ ìyẹn síbẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ sí i.

Òjò rọ̀ lọ́dún yẹn. Tánkì kún dé ọrùn. Àwọn ará Changli ń wá wò ó. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i bí àbúrò ṣe ń ṣe fún ẹ̀gbọ́n?" Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Àlùbáríkà ni." Èmi á wá níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, n ó mu kókò, ògì gbígbóná wọn, n ó sì wo ọmọrí tánkì yẹn bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Iṣẹ́ kan gbé mi lọ sí ìgbèríko, mi ò wá fún Jímọ̀ bíi mélòó kan. Ìgbà tí mo padà, ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo ènìyàn ti là. Láàárọ̀ kùtùkùtù, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wọn wọlé. Mo rí arúgbó kan níwájú mi lójú ọ̀nà. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, garawa wà lórí rẹ̀, omi inú garawa ò ju ìdajì lọ, ó sì ń dà sí i lọ́rùn ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Mo ti sún mọ́ ọn gan-an kí n tó mọ̀ pé òun ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Ó ní, "Mo kàn lọ na ẹsẹ̀ ni."

"Pẹ̀lú garawa lórí?"

"Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ràn kó máa dá nìkan rìn."

Mo gba garawa náà lórí rẹ̀. Mo gbé e délé. Mo ṣí ọmọrí tánkì. Erùpẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, àti aláǹgbá kan tó ti gbẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì débì kan rárá.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ni mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo pariwo. Èmi tí mi ò kì í pariwo. Mo ní, "Ta ló ń fi omi ṣòfò nínú ilé yìí? Ilé tó tó ilé yìí lọ́nà méjì ní Sagnarigu, tiwọn ń gbé wọn dé òjò! Kí lẹ ń fi omi ṣe? Ṣé ẹ ń tà á ni?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin la ẹnu láti fèsì. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ọmọ náà sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní, ohùn rẹ̀ ò ga, "Bóyá a fi ṣòfò náà ni, àbúrò. Má bínú."

Ó bẹ̀ mí. Ẹni tó pọ̀n mí ló bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé símẹ́ńtì lọ. Ó dá mi lójú pé ibì kan ti ń jò. Mo wọnú tánkì náà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ wá ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mi ò rí ibi tó sán. Síbẹ̀ mo tún un rẹ́. Ìgbà tó gbẹ, mo pe ọlọ́kọ̀ tánkà kan, ọmọ Dàgbọ́ńbà, kó wá da omi sí i kí n lè mọ ibi tó ń gbà lọ.

Ó ti páìpù bọ̀ ọ́. Mo jókòó. Kò pẹ́, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fi Hausa ké sí mi, bí wọ́n ṣe ń pe bíríkìlà, ó ní, "Máígínì, ó ti kún o."

Mo ní, "Kí ló kún? Omi ọkọ̀ rẹ ò tíì dé ìdajì."

Ó ní, "Ẹ wá wò ó fúnra yín. Ó ti ń ṣàn lọ bá ewúrẹ́."

Mo dìde, mo wò ó. Ó kún lóòótọ́. Ó gbá ara ọkọ̀ rẹ̀, ó fetí sí i, ó ní ìdajì omi ṣì wà nínú ẹ̀. Mo ní ọkọ̀ rẹ̀ ló tóbi jù. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wàláì, Baba, ọkọ̀ yìí náà ni mo fi kún tiyín tó wà ní Sagnarigu lọ́dún tí òjò ò tó. Ọkọ̀ mẹ́rin ló gbà. Èyí gba ìdajì ọkọ̀ kan. Ṣé adìẹ lẹ kọ́ ọ fún ni? Ìyókù yìí ńkọ́, ṣé kí n gbé e lọ ni àbí ẹ máa mu ún lórí ìdúró?"

Àwọn tó wà níta rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa gbé e lọ.

Mo lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lágbàlá. Mo ń ka á lórí ìka. Ọkọ̀ mẹ́rin. Bí mo bá ṣe ìdajì rẹ̀, ó yẹ kó gba ọkọ̀ méjì. Ìdajì ọkọ̀ kan ló gbà. Ìdajì mélòó ló wà nínú ọkọ̀ mẹ́rin? Ìdajì mẹ́jọ. Tánkì mi mẹ́jọ ló máa wọnú ti Sagnarigu. Èmi sì fi ojú ara mi rí okùn náà, ìdajì gééré ni. Níbo ni ìyókù lọ? Orí mi ń hó. Mo rò ó pé bóyá wọ́n ti fi nǹkan ṣe ojú mi.

Obìnrin kan wá ra ọṣẹ. Ó ní ìdajì lòun fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé odindi ọṣẹ kan sórí pákó, ó fi òwú yí i láàárín, ó fà á. Ó gé. Ìdajì fún obìnrin náà, ìdajì kù nílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gé e.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní odindi kan. Ẹ gé e sí méjì bẹ́ ẹ ṣe gé ti obìnrin yìí."

Ó gé e. Mo ní, "Ẹ kó méjèèjì pọ̀, ẹ tún gé wọn ní òòró." Ó gé e, ó di mẹ́rin. Mo ní, "Ẹ tún gbé òwú gba ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ là wọ́n ní pẹrẹsẹ."

Obìnrin oníbàárà ò tíì lọ. Ó ní, "Baba, ṣé ẹ fẹ́ fi ọṣẹ se ọbẹ̀ ni, tẹ́ ẹ fi ń rẹ́ ẹ bí àlùbọ́sà?"

Ẹ̀gbọ́n mi fa òwú. Ó di mẹ́jọ. Mo ṣa ọ̀kan nínú rẹ̀, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Òòró rẹ̀, ìdajì ti odindi. Ìbú rẹ̀, ìdajì. Gíga rẹ̀, ìdajì. Ẹ̀gbẹ́ yòówù tó o bá fi okùn wọ̀n, ìdajì ló máa pè é. Okùn ò purọ́. Ọṣẹ náà sì wà lọ́wọ́ mi, kò tó fọ aṣọ ìbora kan.

Mo ti ń mọ búlọ́ọ̀kù láti kékeré. Mo ti to mẹ́jọ jọ, méjì lórí méjì, àìmọye ìgbà. Ojú mi ò rí i.

Mo na ọṣẹ kékeré yẹn sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Tánkì tí mo kọ́ fún yín nìyí."

Ó gbà á. Ó dúró kí obìnrin yẹn lọ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ti mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

Ó fọ̀pá tì, ó mú mi wọ ilé ìdáná. Ó ti fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìlà kọ̀ọ̀kan fún garawa kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin mẹ́rin, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ fa omi nínú tánkì náà ló ti ń fà á. Kò fo ọjọ́ kan. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n fa márùn-ún. Ọjọ́ náà ò ju bí ogójì lọ, ìlà parí, ògiri funfun bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ọjọ́ tí mo pariwo ńkọ́? Kí ló dé tẹ́ ò fi mú mi wá wo ibí?"

Ó ní, "Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Ṣé kí n wá dá ọ lóhùn lójú wọn? Ọmọ ìyá mi ni ọ́." Ó ní, "Mo rò pé bí mo bá ń lọ dáàmù láàárọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, o ò ní í mọ̀ títí òjò á fi dé."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, nínú eérú. Ó ní kí n dìde, pé èmi àgbàlagbà. Mi ò lè sọ ohun tí mo sọ fún un níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ọkọ̀ tánkà ni mo ń pè fún un títí òjò fi sún mọ́lé. Kí òjò tó dé, mo wó ògiri méjì nínú tánkì náà. Jíjìn rẹ̀, mo fi sílẹ̀ ní mẹ́rin bó ṣe wà, àpáta ló wà nísàlẹ̀ lọ́nàkọnà. Òòró rẹ̀, mo dá a padà sí méjìlá. Ìbú rẹ̀, mo dá a padà sí mẹ́jọ. Ìdajì tí ìwé rẹ ń béèrè nìyẹn, ọmọ mi. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lo máa gé. Èyí tó wù ọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo. Lọ kọ ọ́ síwájú tíṣà rẹ.

Igi dóńgóyárò yẹn wà lójú ibi tí òòró rẹ̀ máa gbà. Abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń tẹ́ ẹní ìrun sí nígbà ayé rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ó rí mi tí mo ń yí igi náà ká, ó ní, "Gé e. Òjìji ò ṣe é mu."

Òjò kún un. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, omi náà gbé wọn dé òjò, ó sì ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbọ́n mi ò lọ dáàmù.

Ẹ̀ẹ̀rùn kejì ni, àárín ọyẹ́. Wọ́n wá pè mí ní òwúrọ̀. Wọ́n ní ó jí, ó fa omi, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó tún dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́. Ìgbà tí mo dé, àwọn obìnrin tó máa wẹ̀ ẹ́ ti pé, wọ́n ń béèrè omi. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ sáré jáde. Mo ní kó jókòó. Mo ṣí ọmọrí tánkì, mo ju garawa àti okùn rẹ̀ sí i. Omi wà níbẹ̀ tó máa dé itan ènìyàn. Mo fa garawa mẹ́ta, mo gbé wọn fún wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n tilẹ̀kùn. Mi ò mọ ibi tí mo máa dúró sí. Mo wọ ilé ìdáná.

Ìlà èédú wà lára ògiri, mẹ́rin mẹ́rin, ó ti kún ògiri kan, ó ti yà sí èkejì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìlà ọjọ́ yẹn, ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Omi àlùwàlá rẹ̀ ni.

Mo wá èédú nínú ààrò. Mo fa mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Garawa mẹ́rin ọjọ́ náà pé.